Àwo tó bò pátápátá kò tíì di máàpù: bí a ṣe ń jẹ́ kí Physarum ya àwọ̀n ọ̀nà

Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ rèé. Èèyàn á tẹ́ máàpù sábẹ́ àwo, á to óòtì sórí àwọn ìlú, á gbé Physarum (ẹ̀dá alààyè rírọ̀ kan tí ara rẹ̀ jẹ́ sẹ́ẹ̀lì ńlá kan ṣoṣo, tí wọ́n ń pè ní slime mould) sórí olú-ìlú, á sì lọ sùn. Bó bá jí, yálà ẹ̀dá aláwọ̀ ìyeyè náà ti bo gbogbo àwo bí ọ̀dà tó dànù, tàbí àwo ti bu, tàbí kí ó ti gba abẹ́ ìdérí yọ́ jáde, kó máa gun ògiri àpótí lọ. Ẹni náà á ya fọ́tò kan, á ní kò ṣiṣẹ́, á sì da gbogbo rẹ̀ nù. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìwọ̀nba wákàtí díẹ̀ ló kù kó ṣiṣẹ́.

Nígbà tí Physarum bá ń tàn kálẹ̀, kò tíì ya ọ̀nà kankan. Oúnjẹ ló ń wá. Ẹ̀yìn ìgbà tó bá rí oúnjẹ tán ni ọ̀nà máa ń jáde, nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í kó ara rẹ̀ kúrò níbi tí kò ti rí èrè. Iṣan tí omi ara púpọ̀ ń gbà kọjá á máa nípọn sí i. Èyí tí omi ara ò fi bẹ́ẹ̀ gbà á máa tínrín títí á fi parẹ́. Kódà nínú iṣẹ́ tí Nakagaki, Yamada àti Tóth gbé jáde lọ́dún 2000, èyí tí gbogbo ayé fi ń sọ pé Physarum mọ ọ̀nà àbáyọ nínú ilé tí ọ̀nà inú rẹ̀ lọ́ pọ̀ (maze), wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kí ó kún gbogbo ọ̀nà inú rẹ̀ ná. Ìgbà tí wọ́n wá gbé oúnjẹ sí ẹnu ọ̀nà méjèèjì ló yọ́ kúrò nínú àwọn ọ̀nà tí kò já síbì kan, tó sì ku iṣan kan tó gba ibi tó kúrú jù lọ. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nísàlẹ̀ yìí, torí kí yíyọ́ kúrò yẹn lè wáyé láìsí ìdíwọ́ ni.

Ohun tí ẹ máa nílò

Physarum polycephalum fúnra rẹ̀, èyí tó ti gbẹ tó sì ń sùn lórí bébà. Àwọn tó ń ta ohun èlò ẹ̀kọ́ báyọ́lọ́jì máa ń ní in. Ẹ kọ́kọ́ wádìí òfin, nítorí àwọn orílẹ̀-èdè kan ń béèrè ìwé àṣẹ kí ohun alààyè tó wọlé.

Ágà lásán (ohun tó máa ń dì bí ẹ̀kọ bí wọ́n bá sè é tó sì tutù), tó jẹ́ ìyẹ̀fun, tí wọn ò fi ṣúgà tàbí oúnjẹ kankan sí. Ẹ má fi jẹ́látìn rọ́pò rẹ̀, nítorí Physarum lè yọ́ jẹ́látìn kó sì jẹ ẹ́, gbogbo ilẹ̀ á wá di oúnjẹ fún un.

Óòtì pẹlẹbẹ tí kò ní ṣúgà, iyọ̀ tàbí adùn kankan.

Àwo Petri, ìyẹn àwo pẹlẹbẹ onídèérí, tó fẹ̀ tó 9 cm fún ìdánwò, àti èyí tó ní igun mẹ́rin, tó jẹ́ 12 cm lọ́nà méjèèjì, fún máàpù.

Ẹ̀mú kékeré, abẹ, sípírítì, ìbọ̀wọ́, omi tí ẹ ti sè tó ti tutù, rúlà, awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, àti ohun tí ẹ fi máa mọ bí yàrá ṣe gbóná tó.

Àpótí tí ìmọ́lẹ̀ ò lè wọ̀. Kámẹ́rà tó dúró sójú kan, tàbí skánà. Kọ̀ǹpútà tí ẹ ti fi ImageJ sí, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń wọn nǹkan nínú fọ́tò, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ìpele 1: Ẹ se ágà

Gíráàmù 15 sí 20 sínú lítà omi kan ló dára. Ẹ sè é títí á fi mọ́ kedere, ẹ jẹ́ kó tutù díẹ̀, kí ẹ tó dà á sínú àwo. Àwo 9 cm máa gba nǹkan bíi mílílítà 25, èyí tó ní igun mẹ́rin á gba bíi 60. Ìyẹn á fún yín ní ágà tó ga tó mìlímítà mẹ́rin. Èyí tó bá tínrín ju bẹ́ẹ̀ lọ á gbẹ kí iṣẹ́ tó parí, èyí sì wà lára ohun tó ń ba ti ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́ láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀.

Ẹ má yára dé e. Bí ooru bá ṣì ń jáde lára ágà tí ẹ dé e pa, omi á kóra jọ sábẹ́ ìdérí, á sì máa kán sílẹ̀. Physarum á gba inú omi yẹn rìn bó ṣe wù ú.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ gbé àwo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò gbọdọ̀ sí omi tó ń ṣàn lórí ágà, ágà náà ò sì gbọdọ̀ mì.

Ìpele 2: Ẹ jí Physarum, kí ẹ sì tọ́ ọ

Ẹ gé bébà tí Physarum gbẹ sí lára, kí ó tó èékánná, ẹ dojú rẹ̀ bo ágà, ẹ kán omi méjì sí i, ẹ fi óòtì ẹyọ kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ dé e, ẹ gbé e sínú òkùnkùn níbi tí ìwọ̀n ooru wà láàárín 20 àti 25 °C. Láàárín ọjọ́ kan, ẹ ó rí àwọ̀ ìyeyè tó ń yọ jáde láti abẹ́ bébà. Ẹ máa fi óòtì ẹyọ mélòó kan kún un lójoojúmọ́ fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ rèé: óòtì á bu. Bí ẹ bá rí irun funfun, ohun aláwọ̀ ewé tàbí dúdú lórí rẹ̀, ẹ má gbìyànjú láti fọ̀ ọ́. Etí iwájú Physarum, ibi tó fẹ́lẹ́ tó tẹ́ bí abẹ̀bẹ̀, ló máa ń mọ́ jù lọ, torí ó ń sá kúrò níbi ìdọ̀tí ni. Ẹ fi abẹ tí ẹ ti nù pẹ̀lú sípírítì gé etí yẹn pẹ̀lú ágà abẹ́ rẹ̀, ẹ gbé e lọ sínú àwo tuntun. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta, ó máa mọ́. Kí sípírítì gbẹ lára abẹ kí ẹ tó fi kan Physarum o.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ fi awò wo iṣan kan tó nípọn. Omi inú rẹ̀ á ṣàn lọ síwájú, á rọra dúró, á sì padà sẹ́yìn. Ó máa ń yí padà bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Bí ẹ bá rí i, ara rẹ̀ dá. Bí ẹ ò bá rí i, ẹ má bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kankan pẹ̀lú rẹ̀. (Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí ìṣàn yẹn, mo gbàgbé iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣe, mo kàn jókòó tì í ni.)

Ìpele 3: Ẹ dán ojúkò mẹ́ta wò ná

Kò sẹ́ni tó máa ń fẹ́ ṣe ìpele yìí, òun ló sì ń kóni yọ jù. Ojúkò ni mò ń pe ibi tí óòtì wà, tó dúró fún ìlú. Ẹ fi óòtì mẹ́ta sínú àwo 9 cm, kí wọ́n jìnnà síra ní 4 cm, bíi igun mẹ́ta tó dọ́gba. Ẹ fi Physarum kékeré sórí ọ̀kan nínú wọn. Ẹ ṣe irú àwo yìí márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ gbé wọn sínú òkùnkùn títí di ọjọ́ kejì.

Nínú àwọn kan, ẹ ó rí iṣan méjì tó so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Nínú òmíràn, iṣan mẹ́ta á pàdé láàárín, bí oríta mẹ́ta. Ó sì lè ṣe igun mẹ́ta tó pé. Gbogbo rẹ̀ ló tọ́, ẹ má sì jẹ́ kí ìyàtọ̀ àárín wọn dẹ́rù bà yín, nítorí òun gan-an ni ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀: ẹ̀dá yìí kì í fúnni ní ìdáhùn kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ rántí rẹ̀ nígbà tí a bá dé orí ìṣirò.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ó kéré tán, mẹ́ta nínú àwo márùn-ún gbọ́dọ̀ ní iṣan tó hàn kedere, kí ilẹ̀ tó wà láàárín sì ti ṣófo. Bí gbogbo wọn bá ṣì bò, Physarum tí ẹ gbé síbẹ̀ ti pọ̀ jù, tàbí kó ti yó jù.

Ìpele 4: Ẹ sọ máàpù di àwo

Ẹ mú ojúkò 8 sí 20. Àwọn tó fi Physarum ya àwọ̀n ọ̀nà agbègbè Tokyo, tí wọ́n sì fi wé ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin ibẹ̀, ìyẹn Tero, Nakagaki àti ẹgbẹ́ wọn tí iṣẹ́ wọn jáde nínú ìwé ìròyìn Science lọ́dún 2010, lo ojúkò 36, ṣùgbọ́n àwo wọn fẹ̀ tó 17 cm. Nínú àwo 12 cm, bí ìlú méjì ò bá jìnnà síra tó 1 cm, ẹ sọ wọ́n di ẹyọ kan. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Physarum á jókòó lé méjèèjì lórí lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì ní sí ọ̀nà tí ẹ máa wọ̀n láàárín wọn.

Ẹ ṣírò ìwọ̀n kí ẹ tó tẹ máàpù jáde. Bí ilẹ̀ náà bá fẹ̀ tó 500 km, tí ẹ sì fẹ́ kó gba 10 cm nínú àwo, 1 cm dúró fún 50 km. Ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ máàpù, kí ẹ sì fi rúlà sínú fọ́tò. Bó bá jẹ́ abẹ́ àwo ni ẹ ti máa fi skánà yà á, ẹ rántí pé òsì á di ọ̀tún. Mo ti rí i tí èèyàn fi ọjọ́ mẹ́ta wọn àwòrán tó dojú kọ òdìkejì.

Fún òkun, ẹ fi abẹ gé ágà tẹ̀ lé etíkun, kí ẹ sì kó ágà tó wà níbi omi kúrò pátá. Ilẹ̀ gbígbẹ tó ṣófo kì í wu Physarum, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè sọdá bó bá kúrú, nítorí náà ẹ má fi àlàfo kékeré ṣe odò kí ẹ wá retí pé kò ní kọjá.

Òkè àti adágún ni iṣẹ́ ìmọ́lẹ̀, torí Physarum máa ń sá fún un. Ẹgbẹ́ Tokyo tan ìmọ́lẹ̀ sí ibi tí òkè àti omi wà láti fi sọ fún un pé ibẹ̀ nira. Ẹ gé bébà dúdú tó nípọn, kí ẹ dá ihò sí ibi tí òkè wà, ẹ tẹ́ ẹ sábẹ́ àwo, ẹ tan iná LED láti ìsàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí iná jìnnà sí àwo díẹ̀. Bí iná bá gbóná, ágà orí òkè á gbẹ, ẹ ò sì ní mọ̀ bóyá ìmọ́lẹ̀ ló ń sá fún tàbí ọ̀gbẹlẹ̀.

Àti pé: ágà tí Physarum ti rìn lórí rẹ̀ rí kò ṣeé tún lò. Ó máa ń fi ohun tó ń yọ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ara rẹ̀, ó sì máa ń yẹra fún ibi tó bá ti bá a pàdé, bí ẹni tó sàmì sí ọ̀nà tó ti rìn kọjá. Reid àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ló fi èyí hàn lọ́dún 2012. Àwo tí ẹ tún lò á ní máàpù àtijọ́ nínú tí ojú yín ò rí.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ ṣe àwo kan tó jẹ́ pé ìdajì rẹ̀ wà nínú ìmọ́lẹ̀, ìdajì nínú òkùnkùn, óòtì kan ní apá kọ̀ọ̀kan, Physarum láàárín. Bí kò bá kọ́kọ́ lọ sí apá òkùnkùn lọ́pọ̀ ìgbà, ìmọ́lẹ̀ yín ò tó.

Ìpele 5: Ẹ febi pa á

Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, ohun tí a sì ń fẹ́ lára Physarum nìyẹn gan-an. Ẹ gbé e lọ sórí ágà tí kò sí óòtì rárá, kó wà níbẹ̀ fún bíi wákàtí 12. Èyí tó yó á kàn jókòó sójú kan. Ẹ má jẹ́ kó wà níbẹ̀ jù ọjọ́ kan lọ ṣáá o, àti pé inú òkùnkùn ni kó wà. Bí ebi bá pa á jù nínú òkùnkùn, á gbẹ padà sùn. Bó bá jẹ́ inú ìmọ́lẹ̀ ni ebi ti pa á, ó lè so èso kékeré dúdú tó ní ìyẹ̀fun. Iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn, kò sí ọ̀nà àtipadà.

Lẹ́yìn náà, ẹ to óòtì ẹyọ kọ̀ọ̀kan sórí ojúkò kọ̀ọ̀kan, ẹ kán omi díẹ̀ sí i kó lè rọ̀. Ẹ gé Physarum tó tó ojúkò kan péré, ẹ gbé e sórí ìlú tí ẹ fẹ́ kí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ máa ń yún èèyàn láti fi kún un kó lè yára. Ẹ má ṣe é. Bí Physarum bá pọ̀, ó lè bo gbogbo àwo láìní ìdí kankan láti yọ́ kúrò.

Ìpele 6: Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́, kí ẹ sì mọ ìgbà tí ẹ máa dá a dúró

Ẹ gbé àwo sínú àpótí, ẹ fi aṣọ tútù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè ní ọ̀rinrin, ẹ fi téèpù lẹ ìdérí ní igun méjì kó má bàa jáde. Ẹ ya fọ́tò ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá. Iná fọ́tò ni ọ̀tá tó fara sin níbí: ìmọ́lẹ̀ funfun tàbí búlúù tó bá wà ní títàn nígbà gbogbo á yí ọ̀nà tí Physarum ń gbà padà. Kí ó tàn fún ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì péré, kó sì kú. Ìmọ́lẹ̀ pupa tó rẹlẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ ọ́ lẹ́nu.

Ẹ ó rí ìgbà mẹ́ta. Ìgbà kìíní, abẹ̀bẹ̀ ìyeyè á máa tẹ̀ síwájú. Ó lè rìn tó 1 cm ní wákàtí kan bí ara rẹ̀ bá dá. Ìgbà kejì, ó ti kan ọ̀pọ̀ ojúkò, àwo sì dà bí ohun tó kún. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń sọ̀rètí nù. Ìgbà kẹta ni ilẹ̀ àárín á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣófo, tí iṣan á sì hàn. Ní ti Tokyo, wákàtí 26 ló gbà kí àwọ̀n náà tó dúró.

Ṣùgbọ́n ìgbà kẹrin wà tí a kì í sọ: oúnjẹ á tán, Physarum á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìlú sílẹ̀. Àwòrán ìgbà yẹn lè rẹwà gan-an, torí iṣan rẹ̀ kéré, ó sì mọ́ tónítóní. Ìlú tó ti pa tì ni, kì í ṣe àwọ̀n ọ̀nà. Ẹ wọn gbogbo gígùn iṣan nínú fọ́tò ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ibi tí gígùn náà kò ti fi bẹ́ẹ̀ yí padà fún wákàtí mẹ́ta, tí gbogbo ojúkò ṣì ní ìyeyè lórí, ni fọ́tò yín. Ẹ pinnu òfin yìí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ má bàa máa ṣa èyí tó bá wù yín.

Ìpele 7: Ẹ sọ fọ́tò di nọ́ńbà

Àwo kan kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ ṣe mẹ́wàá, ó kéré tán. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ orúkọ ojúkò méjì-méjì tí iṣan so pọ̀ láìgba orí ojúkò mìíràn kọjá. Lẹ́yìn náà ẹ ka iye àwo tí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ti yọjú. Ọ̀nà tó wà nínú mẹ́sàn-án lára mẹ́wàá lágbára. Èyí tó wà nínú ẹyọ kan, ẹ fi í sílẹ̀. Irú ìkàsí yìí ni Adamatzky àti Jones lò fún ọ̀nà márosẹ̀ ilẹ̀ Britain lọ́dún 2010. Physarum tún èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ṣe, àmọ́ ọ̀nà M6/M74 tó lọ sí Glasgow, apá Newcastle ló gbé e gbà.

Nọ́ńbà mẹ́ta ló yẹ kí ẹ ṣírò. Àkọ́kọ́, gígùn gbogbo iṣan. Ẹ̀ẹ̀kejì, ìpíndọ́gba ọ̀nà tó kúrú jù láàárín ojúkò méjì-méjì. Ẹ̀ẹ̀kẹta, bí ọ̀nà kan bá já, ṣé ìlú kan máa dá wà? Gbogbo rẹ̀ ni ẹ máa fi wé àwọ̀n tó kúrú jù lọ tó ṣì so gbogbo ojúkò pọ̀ láti ojúkò sí ojúkò, láìdá oríta tuntun sáàárín, èyí tí mo máa ń pè ní igi lásán, torí pé kò ní ìyípo kankan.

Ẹ jẹ́ ká fi ojúkò mẹ́rin ṣe é, tó jẹ́ igun mẹ́rin, 4 cm sí ara wọn. Igi lásán á ní ọ̀nà mẹ́ta, 12 cm. Bí Physarum bá ṣe òrùka yí wọn ká, 16 cm ni, ìyẹn 1.33 ìlọ́po. Nínú igi, ìpíndọ́gba ọ̀nà láàárín ojúkò méjì jẹ́ 6.67 cm; nínú òrùka, ó jẹ́ 5.33. Ọ̀nà èyíkéyìí tó bá já nínú igi á ya ìlú kan tàbí méjì sọ́tọ̀. Nínú òrùka, kò sí èyí tó máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ rí i pé gígùn tó fi ìdá mẹ́ta kan lé ra ààbò àti ìrìn kúkúrú. Ohun tí Physarum ń dúnàádúrà lé lórí gan-an nìyẹn. Ní Tokyo, àwọ̀n rẹ̀ jẹ́ bíi 1.75 ìlọ́po igi lásán, ti ọkọ̀ ojú irin sì jẹ́ bíi 1.8, ṣùgbọ́n ti ọkọ̀ ojú irin fara da jíjá ọ̀nà jù ú lọ. Àwọn tó ń sọ pé Physarum gbọ́n ju àwọn ẹnjiníà Tokyo lọ kò ka ibẹ̀ dáadáa.

Kò mọ owó, kò mọ ìjọba, kò mọ iye èèyàn tó ń gbé ìlú kan. Bí ẹ bá fẹ́ kó mọ ìyẹn, ẹ fi óòtì méjì sórí ìlú ńlá, kí ẹ sì ní àwo mẹ́wàá mìíràn tó ní óòtì kan-kan, kí ẹ lè fi wéra.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ fún ẹlòmíràn ní fọ́tò mẹ́ta láìsọ ohun tí ẹ ti kọ. Bí àkọsílẹ̀ yín àti tirẹ̀ bá yàtọ̀ jìnnà, òfin tí ẹ fi ń pe nǹkan ní ọ̀nà kò tíì ṣe kedere.

Ìpele 8: Ìmọ́tótó àti ìpamọ́

Àwo tí ẹ ti lò, ẹ rì í sínú omi bílíìṣì di ọjọ́ kejì kí ẹ tó dà á nù. Ẹ má tú àwo tó ti bu sílẹ̀ nítòsí imú.

Ẹ pa díẹ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ kí Physarum tó lera gun bébà tí wọ́n fi ń sẹ́ omi, tó tutù, láìsí oúnjẹ, nínú òkùnkùn, kí ẹ wá jẹ́ kí bébà náà rọra gbẹ fún ọjọ́ mélòó kan. Bí ẹ bá yára gbẹ ẹ́, kíkú ló máa kú. Nígbà tó bá ti le bí èèpo, tó sì ti di àwọ̀ ọsàn, ẹ fi sínú àpòòwé, ẹ kọ ọjọ́ sí i lára, ẹ gbé e síbi tó tutù tó sì gbẹ. Ọjọ́ tí ẹ bá tún fẹ́ lò ó, ẹ padà sí ìpele 2.